Àwo tuntun Adekunle Gold: Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní fújì ni fújì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí Adekunle Gold ti gbé àwo orin ẹ̀ tuntun jáde, tó sì sọ orúkọ ẹ̀ ní 'Fuji'. Mi ò fẹ́ẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ náà dé láàárín àwọn tí mo mọ̀ nílùú Ìlọrin níbí, tí àwọn àgbà ń bínú, tí àwọn ọmọdé ń fi àgbà ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ ẹ má baà máa wá mi kiri. Olólùfẹ́ Adekunle Gold ni mí, mo fẹ́ràn àwo náà, síbẹ̀ mo máa sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í ṣe fújì. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa bá mi bọ̀, mo máa ṣàlàyé.

Kì í ṣe àná ni mo ti mọ ọkùnrin yìí. Nígbà tí 'Sade' gbòde lọ́dún 2015, ọmọ Pólì ni mí, kò sì sí yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí wọn kì í ti kọ ọ́. Orin àwọn ọmọkùnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní One Direction ló mú, tó yí i padà, tó sọ ọ́ di orin ọmọ Yorùbá tí obìnrin dà lọ́kàn rú. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ nígbà náà ni pé kì í pariwo. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ olórin ń lọgun mọ́ èèyàn létí, tiẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn jókòó tì yín nínú ọgbà lálẹ́, tó ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òun náà, ọmọ Pólì ni bíi tèmi. Lagos State Polytechnic ló lọ, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe kí Olamide tó mú un wọ YBNL lọ́dún 2015. Ọmọ ìdílé Kòsọ́kọ́ ni, l'Ékòó, ìyẹn ni pé ọmọ ọba pọ́ńbélé ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé e. Ó ṣe 'Gold' lọ́dún 2016, ó ṣe 'About 30' lọ́dún 2018, ó ṣe 'Afro Pop Vol. 1' lọ́dún 2020, ó ṣe 'Catch Me If You Can' lọ́dún 2022, ó ṣe 'Tequila Ever After' lọ́dún 2023. 'Fuji' ló ṣe ìkẹfà. Lọ́dún 2022 kan náà ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fáráyé pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lòun ti ń bá yí láti kékeré. Ẹni tí irú àìsàn yẹn bá wà nílé ẹ̀ rí, tó ti gbé ọmọ lóru lọ sọ́síbítù, á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn tó. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń jó lórí ìtàgé, ojú tí mo fi ń wò ó ti yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ẹ́ sọ èyí tí mo fẹ́ẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bínú ní kí ló dé tí ọmọ tí kò jí sààrì rí, tí kò lu sákárà rí, máa fi orúkọ iṣẹ́ àwọn baba ẹ̀ ta ọjà. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí ibi tí orúkọ náà gan-an ti wá? Ẹnu olóògbé Alhaji Síkírù Àyìndé Barrister fúnra ẹ̀ la ti gbọ́ ọ pé pátákó ìpolówó kan lòun rí ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n kọ orúkọ òkè Fuji sí i, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Jàpáàn. Òkè náà ga tó mítà 3,776. Orúkọ yẹn dùn mọ́ Barrister lẹ́tí, ló bá fi sọ orin ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Orin tó jẹ́ pé inú ààwẹ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ, orí òkè àwọn ará Jàpáàn ló ti lọ gba orúkọ. Wọ́n yá orúkọ náà lò ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ni tó kọ́kọ́ yá a kò bá jẹ̀bi, ẹni kejì tó tún yá a, kí la fẹ́ẹ́ fìyà kí ni jẹ ẹ́ fún?

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tá ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Nígbà tí Barrister yá orúkọ yẹn, ó ti ní orin lọ́wọ́ tó fẹ́ẹ́ fi orúkọ náà pè. Wéré ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, orin tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì lóṣù Ramadan, tí wọ́n á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn láàárín òru. Ọmọdé ló ti wà nídìí ẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó kúrò ńbẹ̀, ó wá gbájú mọ́ orin. Ó mú wéré, ó fi àpàlà sí i, ó fi sákárà sí i, ó po ó pọ̀, ó wá fi orúkọ òkè ilẹ̀ òkèèrè dé e lórí. Iṣẹ́ ló ṣáájú, orúkọ ló tẹ̀ lé e. Ní ti Adekunle Gold, orúkọ ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwa ará Kwárà náà kò kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìlọ́tà, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, nilé Alhaji Àyìnlá Kollington, Kebe-n-Kwara fúnra ẹ̀. Òun náà ṣe ṣọ́jà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù pẹ̀lú EMI lọ́dún 1974, lọ́dún 1978 ló fa ìlù bàtá wọnú fújì, nígbà tó sì di ọdún 1982, ó dá iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀ sílẹ̀. Ìjà òun àti Barrister lórí ta ni ọ̀gá, ta ló kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo ilé ló dé. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ ò lè ki kásẹ́ẹ̀tì Barrister bọ rédíò níṣojú bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó fẹ́ràn Barrister, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń kó tiẹ̀ sí. Àwọn tó ń sọ lónìí pé fújì ní olówó, pé kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí pé àwọn baba fúnra wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tó ni ín títí Barrister fi jáde láyé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 2010.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àwo náà fúnra ẹ̀ yẹ̀ wò. Orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú ilé, mo ti gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá láti Tánkè dé Post Office, mo ti gbọ́ ọ nígbà tí iná ò sí àti nígbà tí iná wà. Ohùn ọkùnrin yẹn ń gbó bí ọtí. Ó ti mọ ibi tó yẹ kóun ti rọra, ó mọ ibi tó yẹ kóun ti gbé e sókè. 'Obimo' jẹ́ orin ìfẹ́ tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn ìjà. 'Bobo', tí òun pẹ̀lú Lojay àti Shoday jọ kọ, ijó ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an. 'Only God Can Save Me' tí òun àti Davido kọ, ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ ńláńlá méjèèjì yẹn, mo retí pé kí wọ́n fọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

'Coco Money' ni mo máa bá a jà lé lórí díẹ̀. Orin owó ni. Kò sí ohun tó burú nínú orin owó, fújì gan-an kún fún orin olówó. Ṣùgbọ́n bí fújì ṣe ń kọrin owó yàtọ̀. Olórin fújì á kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni owó, á dárúkọ bàbá ẹ̀, á dárúkọ ìyá ẹ̀, á sọ oríkì ẹ̀, á sọ àdúgbò tó ti wá, á wá ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa parí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti mọ bí ẹni náà ṣe dé ibi tó dé. Owó náà ní ìtàn. Èyí tí à ń gbọ́ nínú orin òde òní, owó náà kàn ń já bọ́ láti òkè ni, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ 'Many People' o! Ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Yinka Ayefele wà níbẹ̀, Adewale Ayuba oní Bonsue fújì náà wà níbẹ̀. Nígbà tí orin yẹn bẹ̀rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé àga oníke sílẹ̀ sójú títì lọ́jọ́ Sátidé, tí aṣọ ẹbí ti pé, tí òórùn ọbẹ̀ ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ó gbé àwọn àgbà síwájú, ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun náà wá wọlé tẹ̀ lé wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tó bá jẹ́ pé orin márùn-ún péré nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló rí báyìí, mi ò ní í kọ ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré tó dùn tó báyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn máa bínú pé àwọn tó kù dà.

Torí kí ni fújì? Ká má tan ara wa, kì í ṣe aṣọ tèèyàn kàn ń wọ̀. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Nígbà ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, orin kan lè gba gbogbo ojú kan àwo, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí kó dín díẹ̀. Olórin á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, ohùn á máa rìn bíi ti ẹni tó ń ké Kùránì, ìlù á ṣì rọra máa tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló máa kí àwọn èèyàn, tó máa gba ìyànjú, tó máa fi òwe gún àwọn ọ̀tá ẹ̀ lábẹ́rẹ́. Nígbà tó bá tó àkókò, á kàn sọ gbólóhùn kan ni, àwọn elégbè á gbà á, gángan á dáhùn, sákárà, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo á dà á bolẹ̀, jíjó ló kù. Gángan yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Olórin á sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ìlù á sọ ìdajì tó kù. Ìgbà míì wà tí onílù máa sọ ohun tí olórin kò gbójúgbóyà láti fẹnu ẹ̀ sọ.

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ́ ki gbogbo ìyẹn bọ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀bi Adekunle Gold nìkan sì kọ́. Bí ọjà orin ṣe rí lónìí nìyẹn. Lórí Spotify, téèyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, wọ́n ti kà á sí ẹyọ kan fún olórin. Ẹni tó bá kọ orin ogún ìṣẹ́jú, ẹyọ kan náà ni wọ́n máa kà fún un. Nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹlòmíì ti kọ orin méje. Ta ló máa wá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kí Ọlọ́run kó tó bẹ̀rẹ̀ orin? Ẹ wo ohun tí ètò ìsanwó lè ṣe fún orin. Nígbà táwọn èèyàn ń fi owó lé olórin lórí lóde ìnáwó, bó bá ṣe ń pẹ́ lórí orúkọ ẹnì kan lowó ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, orin á wá gùn. Nígbà tó di pé fóònù ló ń sanwó, orin kúrú. Oríkì ló kọ́kọ́ já bọ́, ìlù tẹ̀ lé e.

Mo ní àbúrò bàbá mi kan tá à ń pè ní Bàbá Kékeré. Onígángan ni, ó bá ẹgbẹ́ olórin fújì kan lùlù nílùú Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kì í sí nílé lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Sọ́ńdè. Ìsọmọlórúkọ lówùúrọ̀, ìgbéyàwó lọ́sàn-án, òkú àgbà lálẹ́. Ìlù yẹn ló fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé. Lónìí, DJ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan àti gbohùngbohùn méjì ló ń ṣe òde tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń pín owó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá Kékeré ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà báyìí, gángan ẹ̀ wà lórí ìṣó nínú pálọ̀. Nígbà tí àwo yìí jáde, mo gbé fóònù lọ bá a, mo ní kó gbọ́ ọ.

Ó gbé fóònù sétí, ó di ojú. Orin àkọ́kọ́ kọjá, ìkejì kọjá.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìlù dà?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá Kékeré, ó ń bọ̀."

Nígbà tó dé orí 'Many People', ìka ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti dé." Nígbà tó tán, ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní, "Ọmọ yẹn lóhùn. Ọlọ́run fún un lóhùn. Ta ló ń lùlù fún un?"

Mo ní, "Orin ayé ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú ẹ̀, sà."

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà kì í sanwó iléèwé ọmọ."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, ó sì yí ojú sí oníbàárà tó fẹ́ẹ́ ra púlọ́ọ̀gì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Àwa tí à ń jà lórí orúkọ, ta ló ni ín, ta ni kò ni ín, a kò ráyè bèèrè ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀. Orúkọ fújì ti dé ìlú òyìnbó, wọ́n ń tà á lórí fóònù káàkiri ayé, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé onígángan tó wà nílùú Ìlọrin, l'Ọ́yọ̀ọ́, ní Mushin, tó jẹ́ pé òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé orúkọ náà débi tó wúlò fún títà, ṣé ọ̀kan nínú owó yẹn máa kàn án? Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwo yìí nìyẹn.

Kẹ́ ẹ má baà sọ pé mo ń dá ọmọdé nìkan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn náà. Kò sí ìgbà kan tí fújì dúró sójú kan. Nígbà tí Barrister gbé 'Fuji Garbage' jáde lọ́dún 1988, àwọn àgbà kan ń kùn pé ariwo ti pọ̀ jù. Nígbà tí Wàsíù Àyìndé gbé 'Talazo' dé lọ́dún 1984, wọ́n ní ọmọ yìí fẹ́ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ó fi dùùrù òyìnbó sí i, ó fi fèrè sí i, ayé ń sọ̀rọ̀, ayé tún ń jó. Lónìí, òun ni àwọn kan náà fi ń búra. Lọ́dún 2020, òun fúnra ẹ̀, K1 De Ultimate, gbé 'Fuji the Sound' jáde, ó pe Teni sí i, ó pe Toby Grey sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó dá orúkọ padà. Asake náà, nínú 'Active' tó kọ pẹ̀lú Travis Scott lọ́dún 2024, orin tí Jazzman Olofin àti Ayuba jọ ṣe nígbà kan ló gbé dìde. Kó tó di tiwọn, 9ice ti fi 'Gongo Aso' hàn lọ́dún 2008 pé èdè Yorùbá tó jinlẹ̀ lè wà nínú orin tàkasúfèé kó sì gbòde. Ọ̀nà náà ti là tipẹ́.

Ká tún wá bọ̀ sílé. Kí fújì tó gba ìlú Ìlọrin, dàdàkúàdà la mọ̀. Ọdọláyé Àrẹ̀mú tó kú lọ́dún 1997, Jáígbadé Àlàó, àwọn èèyàn yẹn lè kọrin kí wọ́n tú àṣírí ìdílé rẹ láti orí dé ẹsẹ̀, o sì máa fún wọn lówó lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí fújì dé, àwọn ìyá àgbà wa ń sọ pé orin àwọn ọmọ ìta ni. Àwọn obìnrin sì ní wákà tiwọn, tí Sàláwà Àbẹ̀ní gbé dé ibi tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí fi dé e ládé Ọba-bìnrin Wákà lọ́dún 1992. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìran kọ̀ọ̀kan ló ń sọ pé ti ẹ̀yìn òun ti bàjẹ́. Tá a bá fẹ́ẹ́ tẹ̀ lé wọn, ajísààrì nìkan la ò bá ṣì máa gbọ́.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ kí n fún àwo náà ní máàkì lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó wá kọ́ṣẹ́. Kò mọ̀ ju orin àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí 'Fuji' jáde, ó wá bá mi nídìí tábìlì.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Barrister, ṣé òun ló ṣáájú ni àbí Kollington?"

Mo ní, "Ta ló rán ẹ? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa wá síbí ni?"

Ó ní òun gbọ́ àwo Adekunle Gold ni, òun wá wo fújì lórí YouTube, òun rí orin kan tó gùn bí ìrìn àjò, òun rò pé òun ò ní í lè gbọ́ ọ tán, ni òun bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, kí ni ìtumọ̀ òwe báyìí. Òwe méjì kan wà tí èmi náà ní láti pe Bàbá Kékeré lórí fóònù kí n tó lè dá a lóhùn. Inú Bàbá Kékeré dùn débi pé kò fẹ́ẹ́ sọ fóònù kalẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń bínú, ọdún wo lẹ ti ń wàásù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó gbọ́ fújì tí kò gbọ́? Orúkọ tí Adekunle Gold kọ sára páálí àwo ló ṣe é.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn tó ní kó yí orúkọ padà lọ. Kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá ní ẹrù tiẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń gbà á nímọ̀ràn, mo máa ní kó ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, tó bá ń lọ ṣeré káàkiri, kó kó onílù gidi dání, kì í ṣe ẹnì kan tó gbé gángan kọ́ apá fún fọ́tò, àwọn tó mọ èdè ìlù ni mò ń wí, kó sì sanwó wọn bó ṣe ń sanwó àwọn tó ń ta gìtá. Ìkejì, kó ṣe orin kan ṣoṣo tó gùn. Ogún ìṣẹ́jú. Kó gbàgbé owó fóònù lórí ẹyọ kan péré, kó kí Ọlọ́run, kó kí ìyá ẹ̀, kó sọ oríkì àwọn Kòsọ́kọ́, kó sọ ìtàn àìsàn tó bá a fínra àti bó ṣe là á já. Ta ló máa gbọ́ irú orin yẹn tí kò ní í sunkún? Ohùn tó lè gbé e wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìkẹta, kó jẹ́ kí orúkọ àwọn onílù hàn. Ọmọ tó bá fẹ́ẹ́ mọ̀ lónìí, orí fóònù ló ń kà á, ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ẹ̀yin olórin fújì náà, ọ̀rọ̀ yín kò ní í ṣàìkan yín. Ọdún mélòó lẹ fẹ́ẹ́ fi jà lórí ta ni ọba, ta ni ọ̀gá, ta ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá? Nígbà tẹ́ ẹ ń jà lọ́wọ́, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀, kò sí orúkọ onílù, kò sí ọdún tí wọ́n ṣe é, ìgbà míì àwòrán Barrister ló wà lórí orin Kollington. Ẹ kó iṣẹ́ yín jọ kẹ́ ẹ tún un tò. Ọmọ tó bá ti inú àwo Adekunle Gold wá yín wá, ẹ jẹ́ kó bá ilé tó mọ́.

Àwa náà tí à ń ṣe ìnáwó ń kọ́? Ọ̀rọ̀ kàn wá jù. À ń sọ pé fújì ń kú lọ, DJ la sì ń pè. Mo mọ̀ pé nǹkan wọ́n, mo mọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì. Mi ò ní kẹ́ ẹ pe ẹgbẹ́ olórin ogún èèyàn. Ẹ pe onígángan méjì péré kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa ki àwọn àlejò yín bí wọ́n ṣe ń wọlé. Owó tẹ́ ẹ máa fi ra omi inú ike lè tó wọn san. Ìyá ọkọ yín tó bá gbọ́ oríkì ẹ̀ lẹ́nu ìlù lọ́jọ́ náà kò ní í gbàgbé yín láéláé.

Tẹ́ ẹ bá bi mí ní máàkì, mo fún àwo náà ní méje nínú mẹ́wàá. Ohùn gba máàkì, orin dídùn gba máàkì, 'Many People' nìkan lè gba méjì. Mẹ́ta tó kù, àwọn onílù ni mo bá pa á mọ́. Ọjọ́ tí Adekunle Gold bá mú wọn wọlé, màá fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ àwo náà, ẹ sọ tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò sì tíì gbọ́ ọ, tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ nìkan lẹ gbọ́ tẹ́ ẹ ti ń bínú, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bú èmi àti ẹ̀ pọ̀ o.